Ojú Ọmọ Pọ́n, Ọmọ Kò Sunkún: Bí A Ṣe Ń Mọ Ojú Tí Kò Mọ Ìfọwọ́kàn, àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Màmá kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá bá wa ní Àkúrẹ́ láti ọ̀nà Ìdànrè, lásìkò tí wọ́n ń sá kòkó. Ọmọ náà ti lé díẹ̀ ní ọdún kan. Ojú ọ̀tún rẹ̀ pupa fòò, nǹkan funfun kan tó tó ẹyọ ìrẹsì sì wà láàárín ẹyinjú. Bí wọ́n ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń retí kó kàn wọ́n, eṣinṣin kan bà sí etí ojú yẹn, ó sì rìn gun orí ẹyinjú gan-an. Ọmọ kò ṣẹ́jú, kò sì gbé ọwọ́. Búrẹ́dì tó mú dání ló ń jẹ lọ. Màmá ló fi etí ìborùn lé eṣinṣin náà, ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́ pé kò tiẹ̀ dùn ún o. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tó ti ń pọ́n, kò sunkún ojú lẹ́ẹ̀kan."

Ibi tí màmá ti ń dúpẹ́ ni ẹ̀rù ti bà mí.

Ojú tó pọ́n tí ọmọ ń ké, tó ń da omijé, tó ń sá fún ìmọ́lẹ̀, ojú yẹn ṣì ń jà fún ara rẹ̀. Èyí tó pọ́n tí ọmọ ń ṣeré lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, òun ló yẹ ká sáré fún jù. Mo kọ èyí fún ìyá, bàbá àti màmá àgbà tó ń tọ́mọ, mo sì kọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà láti Ìta-Ògbólú títí dé Oǹdó, torí pé ọ̀dọ̀ yín ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ojú náà

Iwájú ẹyinjú ni awọ kan wà tó mọ́ gaara bíi gíláàsì fèrèsé. Kọ́níà ni àwọn dókítà ń pè é. Ohun dúdú tí ẹ ń rí láàárín ojú, ẹ̀yìn awọ yìí ló wà. Kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ iṣan ìmọ̀lára tó wà níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Awọ ara kankan kò tó o. Ìdí nìyẹn tí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo fi lè mú kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Iṣan karùn-ún nínú oríṣi méjìlá tó ń ti ọpọlọ jáde ló ń gbé ìmọ̀lára náà. Ó ń mú kí ọmọ ṣẹ́jú kí nǹkan tó gún un, ó sì ń pe omijé jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ó ń bọ́ kọ́níà. Àwọn èròjà kan ń ti ẹnu iṣan náà jáde tó ń jẹ́ kí awọ òkè kọ́níà máa tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. Bí iṣan yìí bá ti bàjẹ́, tàbí tí wọn kò bí i mọ́ ọmọ rárá, awọ yẹn á máa bó fúnra rẹ̀. Egbò á yọ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, kò sì ní í jinná bọ̀rọ̀. Bó bá wọnú lọ, kọ́níà lè máa yọ́ títí á fi lu.

Àwọn ọmọ kan ló jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wáyé. Ẹ wo etí wọn: bí etí kan bá kéré ju èkejì lọ, tí ẹran kékeré yọ síwájú etí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fẹ́lẹ́ ju ìkejì, ẹ má ṣe fojú fo ojú ẹ̀gbẹ́ yẹn. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn látòkè délẹ̀ kò mọ ìrora. Wọn kì í làágùn, ibà gíga á máa ṣe wọ́n láìnídìí. Nígbà tí eyín bá sì yọ, wọn á máa gé ahọ́n àti ìka ara wọn jẹ. Òbí lè máa rò pé ọmọ líle ni.

Àwọn mìíràn sì wà tí nǹkan ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dáyé: kòkòrò herpes tó wọ ojú, iṣẹ́ abẹ kókó inú ọpọlọ, ìṣubú tó kan egungun orí, kẹ́míkà bí omi bátìrì tàbí sódà ìṣeọṣẹ tó ta sójú. Ẹ̀tẹ̀ náà lè fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í sábà rí i lára ọmọ kékeré. Oògùn tó ń pa ojú kú fún àyẹ̀wò ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni bá ń kán an sójú ọmọ nílé kí ojú má bàa dùn ún, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba kọ́níà jẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ wo ọmọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, kí ẹ̀yin náà jókòó, kí ẹ kàn máa wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣé ojú méjèèjì jọ ń ṣẹ́ pọ̀? Ṣé ó ń ki ìka bọ ojú kan, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á, láìyí ojú padà? Ṣé kọ́níà ń dán, àbí ó ti ṣú bíi gíláàsì tí wọ́n fi èémí sí? Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Egbò tàbí àpá á hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kán.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọmọ jòjòló kì í ṣẹ́jú púpọ̀. Àgbàlagbà lè ṣẹ́jú ní ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Jòjòló lè má ju méjì sí mẹ́ta lọ. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè sunkún kí omijé má jáde. Nítorí náà, ẹ má torí pé kò ṣẹ́jú púpọ̀ pariwo lé ìyá rẹ̀ lórí. Ohun tí a ń wá ni ìyàtọ̀ láàárín ojú kan àti èkejì, àti egbò tí kò bá ẹkún rìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ bi ìyá, kí ẹ sì gbọ́ ọ parí

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí, tó lọ, tó tún padà? Bí ọṣẹ bá wọ ojú yẹn níbi ìwẹ̀, ṣé ó ń ké? Ìbéèrè ọṣẹ yìí wúlò púpọ̀, torí ìyá máa ń rántí rẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ó ń làágùn, bóyá ó ń gbọ́ràn, bóyá éèyí mú un láìpẹ́, àti ohun tó ń jẹ. Ẹ wá bèèrè ohun tí wọ́n ti fi sójú náà, kí ohùn yín má jọ ti ọlọ́pàá. Bí ẹ bá bá a wí kó tó sọ̀rọ̀ tán, kò ní í dárúkọ ìtọ̀, omi ewé, omi ọmú tàbí tìróò fún yín, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ nílò láti mọ̀ gan-an nìyẹn.

Mo dárúkọ éèyí nítorí pé àìtó fítámì A, pàápàá lẹ́yìn éèyí tàbí ìgbẹ́ gbuuru, lè yọ́ kọ́níà ọmọ láìjẹ́ pé ojú náà pupa púpọ̀. Kì í ṣe àìsàn iṣan, ṣùgbọ́n wọ́n jọra lójú ẹni tí kò wò dáadáa. Bí ẹ bá fura sí i, ẹ fún ọmọ ní fítámì A lójú ẹsẹ̀: 200,000 ẹyọ ìwọ̀n (IU) fún ọmọ tó ti pé ọdún kan, 100,000 fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí mọ́kànlá, 50,000 fún èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìwọ̀n kan náà ní ọjọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: òwú

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dán èyí wò nílé. Iṣẹ́ ẹni tó ti kọ́ ọ ni. Àmọ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè béèrè fún un nígbà tí wọ́n bá ń wo ọmọ yín.

Òfin kan ló wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀: ẹ kò gbọ́dọ̀ tíì kán oògùn kankan sójú náà, àgàgà èyí tó ń pa ojú kú. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti kán an tán kí wọ́n lè rí ojú ọmọ wò dáadáa, tí wọ́n wá ń fi òwú kàn án lẹ́yìn náà. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa.

Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ láti ara òwú tuntun, ẹ yí i láàárín ìka méjì títí orí rẹ̀ yóò fi ṣóńṣó. Ẹ má fi itọ́ là á o. Kí ìyá gbé kọ́kọ́rọ́ tàbí fóònù sí apá kejì, kí ọmọ máa wo ibẹ̀. Ẹ̀yin ẹ gba ẹ̀gbẹ́ etí wá. Bí ẹ bá gba iwájú, á rí òwú bọ̀, á ṣẹ́jú nítorí pé ó rí i. Ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìmọ̀lára wà. Ẹ má jẹ́ kó kan irun ìpéǹpéjú, ẹ má sì jẹ́ kó kan funfun ojú. Orí kọ́níà gan-an ni kẹ́ ẹ kàn, fẹ́ẹ́rẹ́, láàárín, kí ẹ tó kàn án lókè, nísàlẹ̀, lápá imú àti lápá etí. Bí kọ́níà bá ti fẹ́lẹ́ débi pé ó dà bíi pé ó fẹ́ lu, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ fi ọmọ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ dókítà ojú.

Ojú wo ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú tó dára. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kékeré. Ojú tí mo fura sí ni mo ń kọ́kọ́ kàn, torí tí òwú bá kan ojú tó dára, ọmọ á fò, á ké, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ súnmọ́ òun mọ́. Òwú tuntun ni ẹ ó fi kan ojú kejì.

Ọmọ Ìdànrè yẹn, mo fi òwú kan àárín ojú ọ̀tún rẹ̀. Mo rí i tí orí òwú náà tẹ̀ lórí kọ́níà bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó tẹjú mọ́ kọ́kọ́rọ́ tí màmá ń mì, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bọ́ sí ojú òsì, kí n tó kàn án tán ló ti di ojú méjèèjì pa tó sì gbá ọwọ́ mi dànù.

Ẹ fiyè sí ojú méjèèjì yẹn. Bí ẹ bá kan ojú kan tí kò pa dé, àmọ́ tí ojú kejì pa dé, ìmọ̀lára wà nínú èyí tí ẹ kàn. Iṣan keje, tó ń ti ìpéǹpéjú, ni kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ojú tí kò lè pa dé ń gbẹ, ó sì lè ní egbò bákan náà, àmọ́ ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ tún fi òwú kan iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Fún ọmọ tó ti lè sọ pé "mo mọ̀ ọ́n", ilé ìwòsàn ńlá lè lo irinṣẹ́ Cochet-Bonnet. Fọ́nrán ọ̀rá tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fà gùn tó mìlímítà 60, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe rọ̀ tó. Ojú tó dára ń mọ̀ ọ́n nígbà tó ṣì gùn. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tó kúrú tó sì le ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìmọ̀lára rẹ̀ ti dín kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá egbò, kí ẹ sì mọ ibi tó dé

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ wá lo aró aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní fluorescein. Ẹ fi omi iyọ̀ mímọ́ ti ilé ìwòsàn rin ìwé rẹ̀, ẹ fi kan inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹ tan iná búlúù. Ibi tí awọ ti bó á tàn bí ewé tútù.

Ìpele mẹ́ta ni àìsàn yìí ní. Nínú ti àkọ́kọ́, kọ́níà kàn ṣú, ó ní àmì wẹ́wẹ́ káàkiri. Nínú ìkejì, awọ ti bó lójú kan, ó sábà máa ń rí roboto bí ẹyin, etí rẹ̀ ká bọnú bí etí ẹní, kò sì fẹ́ pa dé. Nínú ìkẹta, egbò ti wọnú, kọ́níà ti ń yọ́. Ẹni tó wà ní ìpele kejì gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú ní ọjọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì. Ti ìkẹta kò gbọ́dọ̀ sùn sílé.

Àwọn dókítà tún gbọ́dọ̀ wá ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí ìtàn herpes tàbí ìpalára, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ ya àwòrán MRI ọpọlọ, kẹ́ ẹ sì ṣe àyẹ̀wò etí. Owó ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kókó inú ọpọlọ lè jẹ́ pé ojú ni yóò ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ìtọ́jú tó wà lọ́wọ́ ilé

Kí a tó fi oògùn kún oògùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó ń ba ojú jẹ́ kúrò. Tìróò, omi ewé, ìtọ̀, omi ọmú, kí gbogbo rẹ̀ dúró. Òjé máa ń wà nínú tìróò, kò sì yẹ ọmọ rárá, yálà ojú rẹ̀ le tàbí kò le. Ẹ má ra oògùn ojú tí dexamethasone wà nínú rẹ̀ ní kẹ́mísìtì fúnra yín. Lórí egbò tí kò fẹ́ jinná, ó lè mú kí kọ́níà yọ́ kíákíá. Oògùn apakòkòrò pàápàá, bí gentamicin, tí ẹ bá ń kán an fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, òun náà á di ìṣòro.

Ohun tí ojú yìí nílò jù ni ọ̀rinrin. Omijé àtọwọ́dá tí kò ní èròjà ìpamọ́ ni kẹ́ ẹ béèrè fún, èyí tó wà nínú ike kéékèèké tí a ń lò lọ́jọ́ kan tí a ń jù nù. Wákàtí méjì-méjì ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí; nígbà ọyẹ́, ó lè di wákàtí kan-kan. Lálẹ́, oògùn ìpara ojú ló yẹ, torí ó máa ń pẹ́. Bí ojú kò bá pa dé tán lójú oorun, dókítà lè ní kẹ́ ẹ fi pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ tì í. Ẹ rí i pé ìpéǹpéjú ti pa dé pátápátá kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pílásítà yẹn á máa ha kọ́níà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọmọ kò sì ní í jí.

Ọwọ́ ọmọ ni ọ̀tá kejì. Ẹ gé páálí mílíìkì ní ìwọ̀n tó lè yí apá ọmọ ká láti òkè ìgúnwọ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi aṣọ ògbólógbòó tó rọ̀ wé e tinú tẹ̀yìn, kí etí páálí má bàa ha á. Ẹ fi wé apá, ẹ so ó, kí ìka yín kan ṣì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Apá kò ní í ká, ọmọ á lè fi ọwọ́ ṣeré, àmọ́ ìka kò ní í dé ojú. Ẹ tú u lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ kí apá mí, nígbà tí ẹnìkan bá ń wò ó. Fún ọmọ tó ń rìn, gíláàsì ojú tí lẹ́ńsì rẹ̀ kì í fọ́ dára.

Ẹ má gbé e sídìí agbada gààrí, ẹ má jẹ́ kí fáànù dojú kọ ọ́, ẹ má gbé e síwájú lórí ọ̀kadà. Eruku ọ̀nà oko àti ti ibi ìsákòkó, kò ní í mọ̀ ọ́n lára.

Ojú yín ni yóò máa bá a mọ ìrora. Láràárọ̀, níwájú fèrèsé kan náà, ẹ wò ó, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Bí ẹ bá rí àmì funfun tuntun, ọyún, pípọ́n tó le sí i, ohun dúdú tó yọ síwájú, tàbí omi tó ṣàdédé tú, ẹ gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ ojú náà, ẹ má dì í le.

Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe

Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tàbí ti òbí bí ọmọ bá kéré jù, kí wọ́n yọ omi orí rẹ̀, kí wọ́n fi ṣe oògùn ìkánsójú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdá 20 nínú 100 ni wọ́n ń pò ó sí. Ó ní àwọn èròjà tí iṣan ìbá máa fún kọ́níà. Inú fíríjì ló ń gbé, torí náà ẹ sọ òótọ́ nípa iná àdúgbò yín, kí wọ́n lè fún yín ní ìwọ̀n díẹ̀díẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi yìnyín tọ́jú. Lẹ́ńsì tó ń bo egbò wà pẹ̀lú, àmọ́ ó lè fa kòkòrò wọlé, a kì í sì í gbé e lé ọmọ tó jìnnà sí ilé ìwòsàn.

Rírán ìpéǹpéjú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òbí jù. Wọ́n á rán apá kan òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lápá etí, kí ojú má là tán. Ẹ̀rù àwọn ará àdúgbò ni ọ̀pọ̀ ń rò. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á. Ó ń gba ojú là, a sì lè tú u nígbà tó bá yá. Ojú tó kéré díẹ̀ tó ń ríran sàn ju èyí tó là gbọ̀nrangandan tó ti fọ́.

Oògùn cenegermin ni wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2018 fún ọmọ ọdún méjì sókè. Ìgbà mẹ́fà lóòjọ́, wákàtí méjì-méjì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ń kán an. Èròjà tó ń mú iṣan dàgbà, èyí tí Rita Levi-Montalcini rí, tí òun àti Stanley Cohen sì gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 1986, ni wọ́n fi ṣe é. Ó wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ ìdílé. Iṣẹ́ abẹ tún wà tí wọ́n ti ń mú iṣan láti ẹsẹ̀ so mọ́ iṣan iwájú orí tó ṣì ń mọ nǹkan, kí ó lè hù wọ inú kọ́níà. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ìmọ̀lára tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré sọ pé kí ẹ pààrọ̀ kọ́níà, ẹ bi í léèrè nípa iṣan ná, torí kọ́níà tuntun nínú ojú tí kò ní ìmọ̀lára lè ní egbò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí egbò bá jinná, ìríran ló kù. Ojú tí àpá bò nígbà kékeré, ọpọlọ lè pa á tì. Kí ọmọ tó pé bí ọdún méje sí mẹ́jọ ni àtúnṣe rọrùn jù, nípa gíláàsì àti dídí ojú tó dára fún wákàtí tí dókítà bá sọ. Ẹ má fúnra yín dí ojú kankan.

Láti Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn UNIMED wà nílùú àti ní Oǹdó, Federal Medical Centre wà ní Ọ̀wọ̀; bí ọ̀rọ̀ bá ju ìyẹn lọ, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn wà. Gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ti lò ni kẹ́ ẹ gbé lọ, páálí wọn àti àgbo pẹ̀lú, àti àwòrán inú fóònù.

Màmá ọ̀nà Ìdànrè padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n rán ìpéǹpéjú ọmọ náà. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó gbé ìwé ọmọ iléèwé kan dání, ó ti fi èédú fa ìlà kan fún gbogbo ìgbà tó kán oògùn. Ìlà mẹ́jọ, mẹ́jọ, méje, mẹ́jọ. Ọjọ́ kan wà tí ìlà mẹ́ta péré wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní òjò ló dá wọn dúró sóko, ilé sì ni oògùn wà. A fún un ní ìdìpọ̀ kejì tí yóò máa gbé nínú ike olómorí sóko.